Ìwé Ẹ̀rí Tí Dókítà Àgbà Kò Gbé Kọ́ Ògiri

Bí ẹ bá dé òpópónà wa, tí ẹ rí pátákó kan tó ga ju ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, ẹ má wulẹ̀ bèèrè pé ta ló ni ín. Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó ni ín á jáde wá sọ fún yín fúnra rẹ̀.

Dókítà Àgbà ni. Apàrùn-má-wẹ̀yìn. Ọba Kápúsù. Ẹni tí ibà gbọ́ ohùn rẹ̀ tó gba ojú fèrèsé sá lọ. Kò sí ẹnì kankan tó kì í ní gbogbo oríkì wọ̀nyí o. Òun ló fi ọ̀dà pupa kọ wọ́n sára pátákó. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó lọ, a ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó gbá ilẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń ta oògùn fún ọdún méjì gbáko, nígbà tó sì gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ti gboyè.

Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń pè é. "Wọ́n" ni mo máa ń pè é tẹ́lẹ̀, torí ó jù mí lọ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe tán ná. Bí ẹ bá ní kí n padà sí "wọ́n", màá padà.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi fara kan tirẹ̀, ògiri kan péré ló là wá láàárín. Àràárọ̀ Sátidé ni mo máa ń fá orí fún un, kò sì sí ẹni tó mọ orí ọkùnrin tó onígbàjámọ̀ rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ orí yẹn ti ń yà mí lẹ́nu. Lọ́dún náà, Dókítà Àgbà pòórá fún oṣù méjì. Ó ní òun lọ fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ ní òkè òkun. Nígbà tó máa fi padà dé, ó ti wọ awò dúdú sójú, ó ti wọ ìbọ̀wọ́ funfun, kò sì bọ́ wọn mọ́ títí dòní. Bí mo bá ń fá ẹ̀gbẹ́ etí, èmi ni mo máa ń fi ìka gbé apá awò náà sókè. Awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sì ti di ibì kan dúdú, ibì kan pupa, bí ògiri tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe yín lọ́rùn?" Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

"Ìwé ni," ó dá mi lóhùn. "Bí ìwé bá pọ̀ jù lágbárí, awọ á máa yọ̀ǹda àyè fún un. Kò lè yé ọ. Tìrẹ ò pọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, abẹ wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ ẹ̀rín ni mo rín. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí.

Ìwé ẹ̀rí mẹ́tàdínlógún ló kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo wọn ló wà nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Ọ̀kan sọ pé ó jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan nípa bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Òmíràn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin adìẹ ló fún un, láti fi dúpẹ́ pé ó wá síbi ìpàdé wọn. Ẹni tí kò kàwé á wọlé, á wò yíká, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ wá ní ọgbọ́n kan. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí oògùn bó ṣe wá. Á rà á ní páálí-páálí, á ti ìlẹ̀kùn, á gún un nínú odó kékeré kan, á wá bu lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sínú kápúsù. Kápúsù kan náà ni fún gbogbo wọn, ìdajì pupa, ìdajì yẹ́lò. Ìgò nìkan ló yàtọ̀, láti Nọ́ńbà Kìíní dé Nọ́ńbà Kẹsàn-án. Bí o bá bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀, á ní, "Ṣé o fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Torí bí orúkọ oògùn bá hàn, oníbàárà lè lọ rà á níbòmíràn, ìyẹn sì ń bà á lẹ́rù ju ikú lọ. Ikú àwọn ẹlòmíràn ni mo ń wí o.

Àṣà rẹ̀ kan tún wà. Bí o bá ti gbé kápúsù mì, orí bẹ́ǹṣì lo máa jókòó sí, wàá ka ení títí dé ọgọ́rùn-ún sókè. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri, àgbàlagbà tó ń kà bí ọmọ jẹ́léósinmi.

"Oògùn mi kì í jà," á wí. "Oògùn tó bá máa jà, lójú ẹsẹ̀ ló ń jà. Bí o bá ka ọgọ́rùn-ún tí o ò ṣubú, máa lọ ilé. O ti yege."

Mo gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Bí mo ṣe ń bú u yìí, mo gbà á gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tíṣà ni wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, àwọn náà ló ra ẹ̀rọ ìgẹrun àkọ́kọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ikọ́ ń dà wọ́n láàmú, wọ́n fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi, ọlọ́gbọ́n, ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ lọ tò síbẹ̀ fún? Dókítà Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí." Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Nọ́ńbà Kẹrin ló fún wọn, ìgò kan, ẹyọ kan lójúmọ́. Wọ́n gbé e mì, wọ́n jókòó, wọ́n ka ọgọ́rùn-ún. Tíṣà ni wọ́n, wọn ò fo ẹyọ kan.

"Ẹ rí i?" ni Dókítà Àgbà wí. "Ó ti tán."

Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ikọ́ náà lọ. Mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga mi pé ẹ ò rí nǹkan. Ní ọjọ́ kejìlá, ibà dé. Ojú wọn pọ́n, wọ́n ní ó ń ta àwọn bíi pé iyanrìn kó sí i. Ètè wọn bẹ́, ẹnu wọn di egbò, omi lásán kò ṣeé gbé mì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàlá, àmì pupa ti yọ sí wọn láyà, ó ti dé ẹ̀yìn, awọ ara sì ń ro wọ́n débi pé wọn ò fẹ́ kí aṣọ fara kàn wọ́n.

Mo sáré lọ bá Dókítà Àgbà. "Ẹ̀gbọ́n, ara Tíṣà ti sú, ẹnu wọn ti bó. Àbí oògùn yẹn ni?"

"Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó?"

"Ọjọ́ mẹ́tàlá rèé."

"Ọjọ́ mẹ́tàlá!" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ìbọ̀wọ́. Mo rò pé ẹ̀rín ló ń gbọ̀n ọ́n. "Onígbàjámọ̀, bí wọ́n bá gbá ọ létí lónìí, ṣé ó di ọjọ́ kẹtàlá kó o tó ké ni? Àrùn ló ń jáde. Ìdọ̀tí inú ló ń gba ara jáde. Kí wọ́n máa lo méjì-méjì báyìí, kó lè tètè jáde tán."

Mo gbé e lọ fún wọn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé méjì lé wọn lọ́wọ́, mo sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbé e mì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo àyà wọn ti lé róro bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Mo di apá wọn mú láti gbé wọn dìde, awọ apá náà sì yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo figbe ta. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ara ń ro, ló tún ń sọ pé, "Rọra, àbúrò mi, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà wá. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀.

"Oògùn wo ni wọ́n ti lò láàárín oṣù méjì sẹ́yìn?"

"Nọ́ńbà Kẹrin ni, mà."

"Nọ́ńbà Kẹrin? Ṣé bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ ni?"

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bẹ́ǹṣì, ọgọ́rùn-ún, méjì-méjì. Mo fi ìgò náà hàn án. Ó tú kápúsù kan, ó wo lẹ́búlẹ́bú funfun inú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Òótọ́ ni pé oògùn kan máa ń jà lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ irú èyí máa ń fara pamọ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, ó lè tó méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń lo oògùn tuntun, tí ibà mú un, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ẹnu rẹ̀ bó, tí awọ ara ń ro ó, kó má gbé ẹyọ kan mì mọ́, kó sáré wá síbí lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin wá fi ọ̀kan kún un."

Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn bó bá pariwo.

Wọ́n tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tí iná jó. Wọ́n fi omi sí wọn lára, wọ́n fi aṣọ tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò bò wọ́n, ẹlòmíràn ń kán oògùn sí wọn lójú ní wákàtí-wákàtí kí ìpéǹpéjú má bàa lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Àmọ́ kòkòrò ti gba ibi tí kò ní awọ wọlé, ó sì yẹ kí wọ́n fún wọn ní oògùn tó máa pa á.

"Oògùn ní ẹbí bí èèyàn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bí a bá ṣèèṣì fún wọn ní àbúrò èyí tó ṣe wọ́n báyìí, a lè pàdánù wọn. Dókítà wa níbí ò fẹ́ ta tẹ́tẹ́. Lọ bi ọkùnrin yẹn pé kí ló gún sínú kápúsù, kí oòrùn òní tó wọ̀." Ó wo aago, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀. "Dúró ná. Iṣẹ́ mi ti parí lónìí. Èmi náà ń bọ̀. Irú wọn kì í gbọ́ ohùn ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́."

Títì ni a bá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọjọ́ ńlá ni lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ àdúgbò fẹ́ fún Dókítà Àgbà ní ìwé ẹ̀rí kejìdínlógún nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, òun náà ló ra férémù. Alága àdúgbò, bàbá arúgbó kan tí kò fẹ́ ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ló kàn máa gbé e fún un.

A bá gbogbo àga tó kún. Ìyàwó rẹ̀ wà níwájú pátápátá, báàgì wà lórí itan rẹ̀. Dókítà Àgbà sì wà lórí pèpéle nínú ẹ̀wù funfun tó ń wọ́lẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún!" ló ń wí. "Ẹnì kan ṣoṣo kò tíì kú nínú ṣọ́ọ̀bù mi!"

Òótọ́ ni. Ilé ni wọ́n máa ń lọ kú sí.

"Oògùn mi kì í jà! Oògùn tó bá máa jà..."

"Lójú ẹsẹ̀ ló ń jà!" ni gbogbo gbọ̀ngàn gbè é, àtẹ́wọ́ sì sọ.

Mo dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Tíṣà wà ní ilé ìwòsàn, awọ ara wọn ti ń ṣí. Ẹ kàn sọ orúkọ ohun tó wà nínú Nọ́ńbà Kẹrin. Mi ò wá bá yín jà. Orúkọ yẹn nìkan ni mo fẹ́."

"Àṣírí iṣẹ́ ni!" Ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ ò rí ọ̀tá? Lọ́jọ́ ayọ̀ mi! Onígbàjámọ̀, dá mi lóhùn. Ṣé Tíṣà ka ọgọ́rùn-ún?"

"Wọ́n kà á."

"Ṣé wọ́n ṣubú?"

"Wọn ò ṣubú."

"Ẹ gbọ́ o! Wọ́n kà á, wọn ò ṣubú! Ẹjọ́ ti parí!"

Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí n jókòó, àwọn kan ní kí n sọ̀rọ̀. Alága, tí kò fẹ́ ìjà, gbé ọwọ́ sókè. Ẹ gbọ́ mi, bàbá yìí kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ó kàn fẹ́ gbè sẹ́yìn Dókítà Àgbà kí ètò lè máa lọ ni.

"Kí la wá ń jà sí?" ni bàbá wí. "Ohun tí Dókítà máa ń ní kí àwa ṣe, kí òun náà ṣe é. Kó gbé ọ̀kan mì níbí, ká jọ ka ọgọ́rùn-ún. Kí onígbàjámọ̀ lè sinmi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀!" ni gbogbo ilé wí.

Nọ́ọ̀sì ti dé iwájú. Ó ṣí ìgò tí mo fi hàn án, ó mú kápúsù kan lé Dókítà Àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ lórí ìbọ̀wọ́ funfun. Ó wò ó. Ó wo Alága. Ó wo ilẹ̀kùn.

"Ení!" ni àwọn ará ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ dúró kó gbé e mì. "Èjì! Ẹ̀ta! Ẹ̀rin!"

"Mo... mo ti jẹun yó," ni Dókítà Àgbà wí.

"Ẹ̀fà! Èje!"

"Ikọ́ ò ṣe mí."

"Ẹ̀sán! Ẹ̀wá!"

Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, iwájú orí tí mo fá láàárọ̀ Sátidé. Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí kejìdínlógún ń kọ mọ̀nà lọ́wọ́ Alága. Ẹ má fi ìgbéraga ṣeré o: ọkùnrin yìí gbé kápúsù náà sókè, ó ya ẹnu.

Ìyàwó rẹ̀ fò dìde, báàgì já bọ́. "Ẹ má gbé e mì! Bàbá wa, ẹ má gbé e mì! Ṣé ẹ tún fẹ́ kú lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Ó sáré gun pèpéle, ó gbá a lọ́wọ́, kápúsù fò lọ sábẹ́ àga. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà ọkọ rẹ̀, ó fa káàdì kékeré kan yọ, ó nà án sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ gbà, mà. Ilé ìwòsàn ní wọn ò gbọdọ̀ jáde nílé láìmú un dání. Ìtìjú ló ní kí wọ́n máa fi í pamọ́."

Nọ́ọ̀sì kà á sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìwé ẹ̀rí.

"Ẹni tó ni káàdì yìí kò gbọdọ̀ lo oògùn apakòkòrò tí à ń pè ní sọ́lífà tàbí ẹbí rẹ̀ kankan títí ayé. Oògùn yìí ṣí awọ ara rẹ̀, ó sì ba ojú rẹ̀ jẹ́. A gbà á sí wọ́ọ̀dù fún oṣù méjì." Ó yí i padà. "Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn wa ni."

Òkè òkun rẹ̀ nìyẹn. Wọ́ọ̀dù kẹta, lápá òsì.

"Sọ́lífà ló wà nínú Nọ́ńbà Kẹrin?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

Ó wo abẹ́ àga tí kápúsù fò lọ.

"Arábìnrin kan ń kú lọ. Mo ní, ṣé sọ́lífà ni?"

"Òun ni," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Nọ́ọ̀sì ti gbé fóònù sétí. Ó sọ fún dókítà wọn nílé ìwòsàn pé sọ́lífà ni, pé kí wọ́n yẹra fún gbogbo ẹbí rẹ̀, kí wọ́n fi èyí tó kù bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò bìkítà. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó tún yíjú sí Dókítà Àgbà.

"Oògùn tó fẹ́ pa yín, kí ló dé tí ẹ tún ń tà á?"

Ẹ gbọ́ ìdáhùn, mi ò fi ẹyọ kan kún un: "Ogójì páálí ni mo ti rà kó tó bá mi jà. Ṣé kí n wá dà á nù ni?"

"Ìgbà tí ẹ̀yin lò ó," ni nọ́ọ̀sì bi í, "ọjọ́ kelòó ló jà?"

Dókítà Àgbà bọ́ awò dúdú láti nu òógùn, ó ti gbàgbé ara rẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ́n, irun kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù ojú yẹn kò bà mí. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń rò.

"Ọjọ́ kẹrìnlá," ó wí.

Alága wo ìwé ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀. Ó wo káàdì. Ó fa ìwé ẹ̀rí náà jáde nínú férémù, ó ká a, ó fi sápò ara rẹ̀, ó sì nawọ́ férémù òfìfo sí Dókítà Àgbà. "Ẹ gbà, tiyín ni. Ẹ̀yin lẹ rà á."

Ó gbà á. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, ẹ̀wù ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó dé ìdajì ọ̀nà ni ohùn ìyá àgbà kan dún láti ẹ̀yìn, ìyá tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà:

"Oókànlá!"

"Èjìlá!" ni ẹlòmíràn wí.

Bí a ṣe dìde nìyẹn. A kà á jáde nínú gbọ̀ngàn, a kà á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, a kà á kọjá lábẹ́ pátákó rẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. A kàn ń kà ni. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni a ti pe ọgọ́rùn-ún, férémù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣubú.

"Máa wọlé," ni ìyá àgbà wí. "O ti yege."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn aláṣẹ kó ogójì páálí dín díẹ̀ jáde, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹ̀yin ẹ sọ, ṣé kí n padà sí "wọ́n"?

Ẹ̀gbọ́n mi lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n yè. Ojú wọn kì í fẹ́ oòrùn mọ́, awọ apá wọn sì ti di ibì kan dúdú, ibì kan pupa. Ọjọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ṣí báàgì, wọ́n nawọ́ káàdì tiwọn sí mi.

"Kà á sókè," wọ́n ní.

Mo kà á.

"Tún un kà."

Tíṣà ni wọ́n. Mo tún un kà, mo tún un kà, títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí, tí ohùn mi ò gbọ̀n mọ́.